Kí Ni Mò Ń Jẹ Nínú Ààwẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ bí, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Mushin nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré. Ó ti pẹ́ o! Òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ẹ̀ báyìí, inú á tún bí mi bíi pé àná ni. Ẹ má sọ pé kí màmá fọwọ́ wọ́nú. Mi ò fọwọ́ wọ́nú kankan!

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí? Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yaba láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó wo ẹnu mi títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní màmá, ẹ̀yin náà ò tíì fi ṣíngọ́ọ̀mù sílẹ̀! Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ṣíngọ́ọ̀mù lẹ́nu mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí mò ń wí yìí ni ẹnu mi ti ń jẹ ohun tí kò sí.

Ọkọ mi, Làmídì, télọ̀ ni. Ẹ̀bá ọjà Òjúwóyè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òun ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, èmi ni mò ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, tí mo sì ń ṣẹ́ etí ẹ̀. A ò lówó, ṣùgbọ́n a ń rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, Sàúdátù, tí a sọ ọ́ lórúkọ tán, ni abísínwín bá dé. Ṣé ẹ mọ abísínwín? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Wọ́n ní mò ń bá ògiri sọ̀rọ̀, wọ́n ní mo sọ pé ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ọmọ mi. Mi ò rántí gbogbo ẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín.

Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n gbé mi lọ, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Òògùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé nígbà yẹn, hóró kékeré kan báyìí. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé iṣẹ́ ìyanu ni. Òótọ́ sì ni! Ariwo tó wà lórí mi dákẹ́. Mo mọ ọkọ mi, mo mọ orúkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé níbo ni ọmọ mi wà. Kí n má ṣe aláìmoore, òògùn yẹn yọ mí.

Wọ́n ní kí n máa lò ó lọ, kí n má ṣe dá a dúró o. Mo ní mo gbọ́. Ṣé ẹnì kan wá sọ fún mi pé ó ní nǹkan mìíràn tó lè fi ara mi ṣe tó bá pẹ́? Rárá o. Gbólóhùn kan ṣoṣo, wọn ò sọ ọ́!

Kí n tó padà délé, ìyá ọkọ mi ti gbé Sàúdátù lọ sí Ìwáyà, níbi tó ti ń yan ẹja tà. Mo ní ẹ ṣeun Ìyá, ẹ̀mí yín á gùn, ẹ bá mi gbé ọmọ wá. Ó ní kí n fara balẹ̀ ná. Mo fara balẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ọmọ ti ń rìn, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ní kí n fara balẹ̀! Bí mo bá lọ sí Ìwáyà, wọn á ti gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n tó wọlé. Ọmọ tí mo bí o!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nínú ilé tí à ń gbé, wọn ò pè mí ní Ìyá Sàúdátù mọ́. Ìyàwó Làmídì ni mo dà, bí ẹni tí kò bímọ rí.

Bí ọkọ mi bá sì bá ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà, èsì kan náà ni Ìyá máa ń fún un. Ó ní wèrè tó bá san, ó máa ń ku ìwọ̀nba tó máa fi dẹ́rù ba ọmọdé.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kan wá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo mú Làmídì, a lọ pe Ààfáà àdúgbò wa, a jọ lọ sí Ìwáyà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní Ìyá, kí ni mo máa ṣe tẹ́ ẹ fi máa gbà pé ara mi ti yá? Ìyá kọjú sí Ààfáà, ó bi í pé ṣé wèrè máa ń gbààwẹ̀. Ààfáà ní rárá, ẹni tí làákàyè rẹ̀ ò bá pé, ààwẹ̀ ò sí lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá ní ó tán. Ó ní bí ìyàwó yìí bá gba ààwẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun á mọ̀ pé orí rẹ̀ ti pé, kó wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìtùnú. Ṣùgbọ́n bó bá bà á jẹ́, òun á gbé Sàúdátù lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni yóò sì dàgbà sí.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ààwẹ̀ kẹ̀? Ààwẹ̀ tí mo ti ń gbà láti kékeré! Mo rò pé mo ti gba ọmọ mi padà nìyẹn.

Ohun tí mi ò kà sí ni ẹnu mi. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n mi á ṣàdédé yọ síta, á tún padà wọlé. Àgbọ̀n mi á máa lọ sọ́tùn-ún, á máa lọ sósì, bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mò ń ṣe é. Làmídì ló máa ń sọ fún mi pé kí n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é. Ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n! Ó ní bó bá jẹ́ pé àìsàn ni, kí ló dé tó fi máa ń dákẹ́ bí mo bá ti sùn? Òótọ́ ni, bí mo bá ti sùn, ẹnu á dákẹ́.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mò ń lo òògùn mi ní sààrì, mò ń lò ó lẹ́yìn ìṣínu. Òògùn yẹn a sì máa gbẹ èèyàn lọ́fun! Kí oòrùn tó là, ètè mi á ti bó. Bí àwọn oníwéré bá ti ń kọrin bọ̀ láti jí wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde nínú ilé. Ọmọ ni mò ń gbààwẹ̀ fún, ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹn yàtọ̀?

A ti dé àárín ààwẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ Ìtùnú ti kún ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán gangan, mo jókòó síwájú ìta, mò ń rán bọ́tìnì mọ́ bùbá kan. Ìyá Ganíyù, tó ń ta ọṣẹ lódìkejì wa, wá béèrè aṣọ rẹ̀. Ó dúró. Ó wò mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí dáadáa. Ló bá figbe ta!

"Ẹ gbà mí o! Ìyàwó Làmídì ń jẹun nínú ààwẹ̀!"

Háà! Ẹ mọ Mushin. Kí n tó dìde, èèyàn ti pé lé mi lórí. Ìyá Ganíyù bi mí pé kí ló wà lẹ́nu mi. Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní ṣé ojú òun ló wá fọ́ ni? Mo la ẹnu kalẹ̀ pé kí ó wò ó. Ẹ gbọ́ o, obìnrin yẹn ki ìka bọ̀ mí lẹ́nu! Ìka ọlọ́ṣẹ! Ó ń fi wá abẹ́ ahọ́n mi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Kò rí nǹkan kan. Ṣé ẹ rò pé ó bẹ̀ mí? Ó ní mo ti gbé e mì!

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ẹ̀pà ni. Òmíràn ní ẹ̀pà kọ́, ó ní ọfọ̀ ni mò ń pè lábẹ́ ẹnu, kí kálukú ṣọ́ra. Mò ń búra, mò ń fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, bí mo sì ṣe ń búra ni ẹnu burúkú náà ń jẹ lọ.

Ọkọ mi ńkọ́? Ó wà nídìí ẹ̀rọ ẹ̀. Kò gbé orí sókè. Ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ ní tirẹ̀, bí ẹni pé ìyàwó ẹlòmíràn ni wọ́n ń tú lẹ́nu níta! Inú tó bí mi sí Ìyá Ganíyù ò tó ìdajì èyí tó bí mi sí Làmídì.

Ọ̀rọ̀ dé Ìwáyà kíákíá. Ọjọ́ kejì ni Ìyá dé pẹ̀lú Ààfáà, Ìyá ò tiẹ̀ jókòó. Ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní àdéhùn ti bàjẹ́, bí a bá ti ṣe Ìtùnú tán, Ògbómọ̀ṣọ́ yá. Ààfáà bi Làmídì bóyá ó rí oúnjẹ lẹ́nu mi. Ó ní òun ò rí i. Ó ní ṣùgbọ́n òun náà ò mọ ohun tí ẹnu náà ń wá.

Òun náà ò mọ̀! Ọkọ mi!

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún un pé lọ́la, èmi àtẹ̀yin la jọ ń lọ sílé ìwòsàn. Mo ní bẹ́ ẹ bá kọ̀, mo máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi kí wọ́n tó kírun. Ó wo ojú mi, ó rí i pé mo máa ṣe é. Ilẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ lé mi.

Kí ẹ tó lóye ohun tí a bá níbẹ̀, kí n ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń fi ìborùn bo orí, kí ẹni tó mọ̀ mí má rí mi. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo máa gba òògùn lójú fèrèsé, mo máa sá jáde. Làmídì kì í wọlé rárá, ìta ni yóò dúró sí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ìtìjú ni, kí ni ká ti pè é? Gbogbo wa tí a ń gba òògùn níbẹ̀, a kì í wo ojú ara wa.

Lọ́jọ́ yẹn, inú bí mi ju kí n bo orí lọ. Mo fi ìborùn gbàjá bí ẹni tó fẹ́ jà. Mo gbé ojú sókè.

Yéè! Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aláìsàn jókòó sórí ẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Bàbá kan ń jẹnu. Obìnrin tó tẹ̀ lé e, ahọ́n ń yọ, ahọ́n ń wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń sún ètè jọ bí ẹni tó ń fẹ́ iná. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jẹ, kò sì sí oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kankan!

Mo di Làmídì lápá mú. Mo ní, "Bàbá Sàúdátù, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ṣé gbogbo wọn ló ń jẹ ààwẹ̀ ni?"

Làmídì sún mọ́ wọn. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó tún wò wọ́n. Ó kàn ń pe orúkọ Ọlọ́run.

Mo jókòó ti obìnrin yẹn. Mo bi í pé ìgbà wo ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bojú, nígbà tó rí ẹnu tèmi, ó sọ fún mi. Ó ní lẹ́yìn tí òun ti lo òògùn pẹ́ ni. Ó ní ọ̀dọ̀ wọn ní Ijora, àjẹ́ ni wọ́n ń pe òun, wọ́n ní èèyàn ni òun ń jẹ lábẹ́ ẹnu. Ẹ ò rí ayé? Wọ́n ní tèmi ẹ̀pà, wọ́n ní tirẹ̀ èèyàn.

A wọlé lọ bá dókítà. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni o, kì í ṣe òyìnbó. Mo bi í pé ṣé òògùn yín ló ń ṣe ẹnu mi báyìí? Kò tiẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ti ń rí i tẹ́lẹ̀? Ó ní àwọn ti ń rí i.

Wọ́n ti ń rí i! Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Wọ́n ti ń rí i, wọ́n sì ń na òògùn sí mi lójú fèrèsé, wọ́n ń sọ pé kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú!

Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ? Ó ní bí àwọn bá ń sọ ọ́, a máa da òògùn nù, wèrè á sì padà. Ó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ní Dókítà, làpálàpá tẹ́ ẹ ń wí yìí fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi! Mo ní ìka ọlọ́ṣẹ wọ ẹnu mi nítorí ohun tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ ò sọ! Mo ti dìde dúró, ohùn mi ti lọ sókè.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? Ó ní bí mo bá ń bínú báyìí, bóyá kí òun fi kún òògùn náà ni.

Kí ó fi kún un! Wọ́n ṣẹ èèyàn, èèyàn bínú, wọ́n ní àìsàn ló tún dé. Mo dákẹ́ lójijì, nítorí ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé bí mo bá sọ gbólóhùn kan sí i, yóò kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kí wọ́n fi kún un.

Ibẹ̀ ni Làmídì ti lanu. Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ má fi kún un. Orí rẹ̀ pé. Inú ló ń bí i, ó sì yẹ kí inú bí i."

Dókítà wá gbé orí sókè. Ó dín òògùn náà kù díẹ̀, ó ní kí n má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í bóyá ẹnu mi máa padà bọ̀ sípò. Ó ní ó lè padà, ó lè má padà, òun ò mọ̀. Ìyẹn ni òótọ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nílé ìwòsàn yẹn.

Láti ibẹ̀ ni Làmídì ti kọrí sí Ìwáyà. Ó ròyìn bẹ́ǹṣì yẹn fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní òun gbọ́, òun ò tún ní sọ pé mo jẹ ààwẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n bó ti wù kó jẹ́, irú ẹnu yìí á dẹ́rù ba ọmọ. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ìtùnú, a máa pe Sàúdátù síta. Bó bá ké tó sì sá, kí n fi í sílẹ̀, kí n má sì bínú sí ẹnikẹ́ni.

Mo gba ààwẹ̀ mi délẹ̀. Lọ́jọ́ Ìtùnú, a ti yídì dé, a wọkọ̀ lọ sí Ìwáyà. Àwọn ará ilé ti pé. Èéfín ẹja bo gbogbo ibẹ̀, ojú sì ń ta mí. Wọ́n mú Sàúdátù jáde, ó wọ aṣọ tuntun tí bàbá rẹ̀ rán, wọ́n lé tìróò fún un. Ó ti ga o! Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè bá ara wọn dọ́gba.

Mo fẹ́ di ẹnu mi mú. Mo fi eyín mọ́ eyín. Àṣé bí ẹ̀rù bá ti ń bani, ńṣe ló ń le sí i! Àgbọ̀n ń lọ sọ́tùn-ún, ahọ́n ń yọ, gbogbo ilé ń wò mí, Ìyá náà ń wò mí. Mo sọ nínú mi pé ó parí, wọ́n ti gba ọmọ.

Sàúdátù wo ẹnu mi títí. Kò ké. Ó rìn wá, ó fi ọwọ́ kékeré ẹ̀ kan àgbọ̀n mi.

"Kí lẹ ń jẹ?"

Ìbéèrè tí gbogbo Mushin fi dójú tì mí nìyẹn. Ló bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú mi.

"Ẹ fún mi níbẹ̀."

Mo bú sẹ́kún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Dàbínù tí wọ́n pín fún wa ní yídì wà létí ìborùn mi. Mo tú u, mo fi ọ̀kan sí i lẹ́nu, mo fi ọ̀kan sẹ́nu ara mi, èmi àti ọmọ mi bá ń jẹ ẹ́ pọ̀. Ìyá ọkọ mi fi etí ìró nu ojú. Ó ní èéfín ni. Ó wá ní, "Ìyá Sàúdátù, pọn ọmọ rẹ kí oòrùn tó le."

Ìyá Sàúdátù! Mo pọn ọ́n délé.

Ìyá Ganíyù gbé ìrẹsì àti ẹran wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo dá a padà. Wọ́n ní mo le. Ẹ jẹ́ kí n le! Ṣé ìrẹsì ni wọ́n fi ń bẹ èèyàn?

Sàúdátù ti ní ọmọ ọmọ báyìí. Ẹnu mi ò padà sípò. Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyí: bẹ́ ẹ bá ń lo òògùn, ẹ má dá a dúró fúnra yín, nítorí òògùn yẹn ló jẹ́ kí n mọ ọmọ mi lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè! Ẹ bi wọ́n pé kí ló tún lè ṣe fún mi bó bá pẹ́? Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ má dìde lórí àga. Ẹ̀yin tí ẹ ń fúnni lóògùn, ẹ sọ ọ́ fún wa, ara wa ni, a kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ rọra. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ó tó, ẹ̀yin ló kù. Ta ni òògùn ti ṣe báyìí rí, tí wọ́n ń pè é ní wèrè, ní àjẹ́, ní ọ̀jẹ̀ààwẹ̀? Ẹ wá sọ tiyín níbí. Èmi ò ní bi yín pé kí lẹ ń jẹ.